Eyín Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Firíwíìlì fún Kẹ̀kẹ́ Eré-ìje Àtijọ́

 Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá bá yín lónìí, kì í sì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ ológeere gbogbo, bí kò ṣe ti àwọn kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kàn, tí ọ̀pá ìdarí wọn tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀, tí táyà wọn kò nípọn, tí àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń wú jáde lónìí láti inú àjà ilé àgbà tàbí tí wọ́n ń rà láàárín ẹrù tòkunbọ̀, tí wọ́n ń tún wọn kùn, tí wọ́n ń tún wọn tò, tí ó sì jẹ́ pé ibi kan náà ni iṣẹ́ náà ti máa ń há mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni firíwíìlì ẹ̀yìn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fa sábàbí. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba wa mọ̀ jù lọ, tí wọ́n fi kó kòkó àti obì láti oko Ìjẹ̀bú-Igbó wálé, tí wọ́n fi gbé agbọ̀n ẹja láti etí omi lọ sí ọjà, Raleigh ni, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí wọ́n sì wá dá ibi tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ sílẹ̀ ní Kánò níhìn-ín. Àwọn àgbà tí ń gbọ́ mi kò ní gbàgbé àwòrán ìpolówó rẹ̀, níbi tí ọkùnrin adúláwọ̀ kan ti ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ geere, tí kìnnìún ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, tí ọwọ́ kìnnìún kò sì tẹ̀ ẹ́. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní ìṣòro firíwíìlì: òrùka eléyín kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gé họ́bù rẹ̀ (irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí firíwíìlì ń jókòó lé), ìlànà kan náà ni wọ́n sì fi gé gbogbo firíwíìlì tí ó wà lórí àtẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ yóò kàn sọ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe pé eyín 18 ni òun ń fẹ́ tàbí eyín 20, wọn yóò fà á yọ lórí pákó, ó parí. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ eré-ìje kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùka eléyín márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje ni ó ń tò lérí ara wọn lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣe é pọ̀. Olúkúlùkù ni ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ gé irin. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí léèrè pé firíwíìlì kì í ṣe ohun tí à ń fi dídán rẹ̀ yàn, tàbí iye eyín rẹ̀. Ohun tí yóò jókòó lé, àti ilẹ̀ tí yóò rìn, ni ó ń yàn án, ẹni tí ó bá sì lọ sí ọjà kí ó tó wo họ́bù rẹ̀ dáadáa, owó nìkan ni ó gbé lọ fi ṣeré.

Kí ni firíwíìlì yìí ná? Irin roboto ni, tí eyín wà ní etí rẹ̀, tí ó jókòó ní apá ọ̀tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí ṣéènì ń fà. Bí a bá tẹ pẹ́dà síwájú, ó di họ́bù mú ṣinṣin, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Bí a bá dá ẹsẹ̀ dúró, tàbí tí a yí pẹ́dà sẹ́yìn, ó jọ̀wọ́ họ́bù kí ó máa sáré tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin apẹja tí ẹ ń dẹ ìgèrè kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: bí ẹnu ìgèrè ti ń gba ẹja wọlé tí kì í sì í gbà á jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìkọ́ kéékèèké inú firíwíìlì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ méjì, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tì síta, ń gba kí irin náà yí sí apá kan, tí wọ́n sì ń kọ̀ fún un láti yí sí apá kejì. Ìró kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí ó ń gbádùn afẹ́fẹ́, ìró àwọn ìkọ́ wọ̀nyí ni bí wọ́n ti ń fò lórí eyín inú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dá ọgbọ́n yìí, ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ kì í sinmi, nítorí bí àgbá bá ti ń yí ni pẹ́dà ń yí, àti lókè àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Van Anden, ní ìlú Poughkeepsie, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti ọdún 1869, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó di ohun tí kẹ̀kẹ́ gbogbo ayé ń lò.

Ní ẹ̀bá òkun níhìn-ín, ní agbègbè Òde-Omi wa, ikú tí ń pa firíwíìlì yàtọ̀ sí èyí tí ń pa á ní òkè, ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Irin ni ọmọ Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun kò mọ ọmọ ẹnìkankan: kẹ̀kẹ́ tí a bá gbé ti ògiri ní Òde-Omi fún ìgbà òjò kan péré, ìpẹtà yóò ti wọ inú rẹ̀, iyanrìn kíkúnná yóò ti bá ìpẹtà pọ̀, wáyà tí ń ti ìkọ́ yóò ti rọ, ìkọ́ yóò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ni ín yóò gùn ún, yóò tẹ pẹ́dà, pẹ́dà yóò máa yí lófo, kẹ̀kẹ́ kò ní kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé ó ti kú, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà sílẹ̀ pẹ̀lú firíwíìlì lókè, ẹ da kẹrosíìnì sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín apá tí ń yí àti apá tí kì í yí, ẹ máa fi ọwọ́ yí i bí ẹ ti ń dà á, títí omi pupa tí ń jáde nísàlẹ̀ yóò fi di funfun. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ mọ́jú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán òróró fífúyẹ́ sí i. Mo sọ pé òróró fífúyẹ́, kì í ṣe gírísì, nítorí gírísì líle ni ó máa ń so ìkọ́ mọ́lẹ̀, tí yóò fi dà bíi pé ìpẹtà tún ti padà. Ọ̀pọ̀ firíwíìlì tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ni ìwẹ̀ kẹrosíìnì yìí ti gbà là, mo sì ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbìyànjú rẹ̀ ná. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán, tí orí eyín kọ̀ọ̀kan ti di ṣóńṣó, tí ó sì tẹ̀ sí apá kan. Ìyẹn kò gbọ́ ìwẹ̀.

Bí ó bá wá di dandan pé kí a yọ ọ́, níbẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ rántí pé gbogbo ìgbà tí a bá ti tẹ pẹ́dà ni a ń fún firíwíìlì le mọ́ họ́bù. Ẹni tí ó ti gun òkè fún ogún ọdún ti fi ogún ọdún fún un le, ó sì ti fún un ju bí ọwọ́ ènìyàn kan ti lè fún nǹkan lọ. Ìdí nìyí tí hámà àti irin tí a fi ń gbẹ́ nǹkan kò fi tọ́ sí i. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi hámà lu ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi fọ́, tí kò sí ohun tí irin ìtú, ìyẹn irin tí a fi ń tú firíwíìlì, lè dì mú mọ́, tí ó fi jẹ́ pé gígé ni wọ́n padà gé sípóòkù ẹsẹ̀ náà kúrò kí wọ́n tó lè rí họ́bù mú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni ó ń le koko mọ́ ni lọ́wọ́.

Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí. Ẹ wo àárín firíwíìlì náà, níbi tí ọ̀pá àgbá gbà kọjá: ẹ ó rí i bóyá ihò ìkọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, tàbí mẹ́rin, tàbí eyín wẹ́wẹ́ tí ó yí inú rẹ̀ ká. Àwọn ará Ítálì tí ó ṣe Regina, àti àwọn ará Japan tí ó ṣe SunTour nígbà kan, fẹ́ràn ihò méjì. SunTour tún ṣe oníhò mẹ́rin. Maillard àti Atom ti ilẹ̀ Faransé lo eyín wẹ́wẹ́. Shimano ti Japan lo eyín 12, òun náà sì ni ó ṣì wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ títí di òní. Irin ìtú tí ó bá bá a mu ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí ó fẹ́ẹ̀ bá a mu. Ẹ fi irin ìtú náà sí àyè rẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀tì ọ̀pá àgbá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀ kúrò, ẹ wá gbé orí irin ìtú sí ẹnu fáìsì alágbẹ̀dẹ, kí ẹ fún fáìsì náà dáadáa, kí ẹ sì di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì bí ẹni tí ń darí ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ yí gbogbo ẹsẹ̀ náà lódì sí ọwọ́ aago. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó ń fún yín ní agbára tí sípánà kúkurú kò ní. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí ó dún kàá, ẹ dúró, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ firíwíìlì yóò tì mọ́ nọ́ọ̀tì, yóò sì ba ojú ọ̀pá àgbá jẹ́. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń yá: òrùka pẹlẹbẹ tí ó wà lójú firíwíìlì kì í ṣe ohun tí ó so ó mọ́ họ́bù. Ìdérí inú rẹ̀ ni. Ó sábà máa ń tú sí ọwọ́ aago, lódì sí bí nọ́ọ̀tì gbogbo ti ń tú, bí ó bá sì tú, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké bíi hóró ọkà bàbà ni yóò tú dà sínú iyanrìn Òde-Omi, ẹ kò sì ní rí gbogbo wọn ṣà mọ́ láéláé.

Ó ti bọ́ wàyí, họ́bù sì wà níhòòhò níwájú wa. Ìlà roboto tín-ín-rín kan yí ọrùn rẹ̀ ká, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń pè ní tíréèdì, ìlà yìí sì ni ọba tí gbogbo ìyókù ń sìn. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: gbogbo họ́bù ni ó jọra lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti Faransé. Ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó ínǹṣì 1.37, ìlà 24 ni ó sì wà nínú ínǹṣì kan rẹ̀; ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè panu pọ̀ lé lórí lẹ́yìn náà jẹ́ ínǹṣì 1.375 pẹ̀lú ìlà 24 kan náà. Ti Ítálì jẹ́ mìlímítà 35, ìlà 24 náà ni. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lè gba ara wọn láàyè, bí a kò bá ń pààrọ̀ wọn lórí họ́bù kan náà léraléra. Ṣùgbọ́n ti Faransé jẹ́ mìlímítà 34.7, ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1 gééré. Bí ẹ bá fi rúlà wọ̀n mìlímítà 10 lórí rẹ̀, ìlà 10 ni ẹ ó kà. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n kan náà kò ju ìlà mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ìdajì ìlà lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ẹ bá gbé firíwíìlì Faransé sórí họ́bù Gẹ̀ẹ́sì, yóò gbà ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì, yóò sì há. Ìyẹn ṣì dára, nítorí ó kìlọ̀. Èyí tí ó burú ni kí ẹ gbé firíwíìlì Gẹ̀ẹ́sì sórí họ́bù Faransé, nítorí òun fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ: yóò wọlé geere, inú yín yóò dùn, ẹ ó gùn ún kiri ìlú; ọjọ́ tí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè, tí gbogbo agbára ara bá bọ́ sórí ìlà díẹ̀ tí ó di ara wọn mú, yóò fá ìlà họ́bù dà nù, firíwíìlì yóò máa yí lófo, họ́bù náà yóò sì di aláìwúlò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Ní ti firíwíìlì, ìwọ̀n náà kò gba ìdá kan nínú ìdá ogún láti yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará omi ju bí a ti rò lọ. Àwọn ènìyàn wa ní Kétu, Pọ̀bẹ̀, Sákété àti Àjàṣẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà kan rí, ní Dahomey tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975, kẹ̀kẹ́ tí ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà ni Peugeot àti irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé. Ọ̀sà kan náà ni ó sì na apá láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín gba Èkó àti Àgbádárìgì kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, kò sì sí aṣọ́bodè tí ó ń ka ìlà họ́bù. Ènìyàn lè bá kẹ̀kẹ́ kan pàdé tí orúkọ ara férémù rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ àna wa lọ́hùn-ún wá, nítorí pé ẹnìkan ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ tẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ara férémù kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo họ́bù gan-an. Bí ó bá ti jẹ́ kẹ̀kẹ́ Faransé tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1980, ẹ fura. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ wá họ́bù Raleigh àtijọ́ kan lórí ààtàn atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kí ẹ fi ìlà ọ̀kan ko ìlà èkejì lójú, kí ẹ gbé méjèèjì síwájú ìmọ́lẹ̀: bí wọ́n bá wọ inú ara wọn tí ìmọ́lẹ̀ kò là á kọjá, Gẹ̀ẹ́sì ni, bí wọ́n bá bá ara wọn mu ní ìdí kan tí wọ́n sì yà ní ìdí kejì, Faransé ni. Ẹni tí ó bá rí i pé ti Faransé ni òun ní, kí ó má ṣe banú jẹ́. Yóò wá firíwíìlì Faransé àtijọ́, tí ó ṣọ̀wọ́n, tàbí kí ó tú sípóòkù kúrò kí ó sì fi họ́bù Gẹ̀ẹ́sì tò ó. Ní tèmi, bí kẹ̀kẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí yóò máa rìn lójoojúmọ́, họ́bù ni n óò pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìlà ni fífẹ̀ ń tẹ̀lé, èyí kò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu irin méjèèjì tí ọ̀pá àgbá ẹ̀yìn ń wọ̀. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 120, òrùka eléyín márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá jẹ́ 126, ó lè gba mẹ́fà tàbí méje. Irin àtijọ́ máa ń gbọ́ràn, a sì lè fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ipá ti òrùka eléyín méje sínú férémù tí ó jẹ́ ti márùn-ún, nítorí eyín tí ó kéré jù lọ, tí ó wà níta, ni yóò máa ha férémù, tàbí kí ṣéènì há sáàárín àwọn méjèèjì nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé ilé.

Nísinsìnyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ iye eyín, èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó kan kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ní Yúróòpù kàn án fún àwọn géńdé tí ń sá eré-ìje fún oúnjẹ òòjọ́ wọn, ó sì wọ́pọ̀ kí eyín iwájú jẹ́ 52 àti 42, kí ti ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ láti 14 kí ó parí sí 24 tàbí kí ó má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ẹ fi eyín ẹ̀yìn pín eyín iwájú, ẹ sì fi ínǹṣì fífẹ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Fún ẹsẹ̀ ínǹṣì 27, 52 lórí 14 jẹ́ ínǹṣì 100, tí ó túmọ̀ sí pé bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ yóò ti lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 26. 42 lórí 24 jẹ́ ínǹṣì 47. 42 lórí 28 jẹ́ ínǹṣì 40 àti ààbọ̀, tí pẹ́dà kan yóò sì gbé wa lọ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ààbọ̀. Bí iye náà bá ti ń kéré ni ẹsẹ̀ ń fúyẹ́, tí eré náà sì ń dínkù.

Ta ni ó yẹ kí ó mú kékeré, ta ni ó yẹ kí ó mú ńlá? Ènìyàn yóò rò pé àwa ará Òde-Omi, tí ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, kò nílò eyín ńlá lẹ́yìn, pé àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ọ̀nà wọn ń gòkè tí ó ń sọ̀, ni kí ó lọ rà á. Ìdajì òótọ́ ni. Ẹni tí ó ti wa kẹ̀kẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí iyanrìn etíkun mọ̀ pé iyanrìn jẹ́ òkè tí kò ga, tí kò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ó fi sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá sì tún dojú kọ ọ́, eyín 24 yóò dà bí ìyà. Nítorí náà, ọ̀kan náà ni ìmọ̀ràn mi fún ará omi àti ará òkè tí kì í ṣe eléré-ìje: ẹ mú firíwíìlì tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 14 tí ó sì dé 28. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tí ó fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lórí ọ̀dà láti Orù lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, lè mú èyí tí àwọn eyín rẹ̀ súnmọ́ra, 14 sí 24, kí ìyàtọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì má baà pọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà, orúnkún tirẹ̀ ni.

Àmọ́ kí ẹ tó ra 28, ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí ń ti ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá ti Campagnolo tí wọ́n pè ní Nuovo Record, tí ó jáde ní ọdún 1967 tí ẹwà rẹ̀ sì ń fa ojú àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tò títí di òní, kì í fẹ́ gun eyín tí ó bá ju nǹkan bíi 26 lọ. Bí ẹ bá fi ipá mú un, orí rẹ̀ yóò máa ha eyín ńlá náà, yóò sì máa pariwo bí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Irú ẹ̀rọ Japan ìgbà náà ni ó máa ń ní sùúrù jù. Mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ ohun Ítálì yóò kùn sí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gun òkè ni ó mọ ibi tí ẹwà mọ.

Ọ̀rọ̀ ṣéènì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ gbogbo ni a fi ìdajì ínǹṣì wọn láti orí ìdè kan dé èkejì, ṣùgbọ́n fífẹ̀ inú wọn yàtọ̀: ti Raleigh eléyín kan jẹ́ 1/8 ínǹṣì, ti kẹ̀kẹ́ eléyín púpọ̀ jẹ́ 3/32. Èyí tí ó fẹ̀ kò ní bá eyín tí ó tò lérí ara wọn gbé, èyí tí ó tóóró kò sì ní wọ eyín tí ó nípọn. Yàtọ̀ sí èyí, ṣéènì tí ó ti gbó ti gùn, ó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú firíwíìlì àtijọ́ tí ó bá a gbó; bí ẹ bá gbé e lé firíwíìlì tuntun, yóò máa fò lórí eyín rẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ pẹ́dà le. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì kan: ìdè 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 gééré. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 1/16 ínǹṣì, ẹ ra òmíràn pọ̀ mọ́ firíwíìlì. Bí ó bá ti dé 1/8, ó ti jẹ eyín iwájú pàápàá lọ́wọ́ kan.

Ṣé kí a ra èyí tí ó ti pẹ́ nínú páálí láti ayé àtijọ́, tàbí èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí? Shimano àti SunRace ti Taiwan ṣì ń ṣe onítíréèdì Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní òrùka eléyín méje, kò sì wọ́n. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ èyí tí a ó gbé sí ìta fún àwọn ènìyàn láti wò, Regina àtijọ́ ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ó fi lọ sí ibi iṣẹ́ ní ẹ̀bá òkun, tí iyọ̀ yóò sì jẹ láìpẹ́ ọjọ́, n kò rí ọgbọ́n nínú kí a fi ohun ṣíṣọ̀wọ́n bọ́ ìpẹtà. Èyíówù kí ẹ mú, ẹ dì í mú lọ́wọ́ kan kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí i: kí ìró rẹ̀ dọ́gba, kí ó má ṣe há níbì kan. Bí ó bá ń mì díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ó ti ń yí, ìyẹn kì í ṣe àrùn, ó wọ́pọ̀ nínú firíwíìlì olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Èyí tí ó wà nínú páálí fún ogójì ọdún yóò ti ní òróró tí ó ti di oje nínú. Ẹ fi kẹrosíìnì wẹ òun náà kí ẹ tó lò ó. Kí ẹ sì rí i pé irin ìtú tí ó bá a mu wà ní ìlú yín, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó tún yọ ọ́.

Fífi í sí àyè kò le tó yíyọ rẹ̀. Ẹ nu ìlà họ́bù mọ́, ẹ fi gírísì pa á yíká, nítorí níhìn-ín ni gírísì ti ní àyè tirẹ̀, kí iyọ̀ má baà lẹ irin méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí firíwíìlì náà sí ọwọ́ aago, láìlo sípánà. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn yíyí kan tàbí méjì, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un gbé kalẹ̀ gbọọrọ, nítorí bí ó bá wọ́ lójú ìlà, ọwọ́ yín ni ẹ fi ba họ́bù jẹ́. Bí ó bá ti jókòó dé ìsàlẹ̀, ẹ dá ẹsẹ̀ padà sínú férémù, ẹ fi ṣéènì sí i, ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ náà gun òkè kúkurú kan pẹ̀lú eyín tí ó tóbi jù lọ lẹ́yìn. Títẹ pẹ́dà gun òkè yẹn ni yóò fún un le dé ibi tí ó yẹ. Ó máa ń ṣípò díẹ̀ bí ó ti ń fún, nítorí náà ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè náà, kí ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín eyín kékeré ìta àti férémù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tí ń ti ṣéènì ṣe bí ó bá ti yẹ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù sẹ́yìn rẹ̀.